Bí ẹ ṣe lè fi kámẹ́rà láptọ́ọ̀pù darí ohùn: iṣẹ́ fídíò nínú Pure Data àti Gem

Kì í ṣe dandan kéèyàn mọ kóòdù kọ kó tó lè mú kọ̀ǹpútà máa yí fídíò padà bó ṣe ń ti inú kámẹ́rà wọlé. Irú sọ́fítíwíà kan wà tó jẹ́ pé àpótí kéékèèké lẹ ó máa tò sójú ìwé òfìfo, tí ẹ ó wá fi wáyà so èyí mọ́ tọ̀hún. Àpótí kan ń mú àwòrán wá, èkejì ń yí i padà, ẹ̀kẹta ń gbé e síta. Ohun tí ẹ bá tò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní patch.

Pure Data ni mo yàn, èyí tí àwọn tó ń lò ó ń pè ní Pd. Miller Puckette ló ṣe é ní àwọn ọdún 1990. Òun náà ló ti kọ́kọ́ ṣe Max, sọ́fítíwíà tó jọ ọ́, ní IRCAM, ibùdó ìwádìí orin nílùú Paris. Owó ni wọ́n fi ń ra Max. Pd kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ti dàgbà. Ohùn ni Pd mọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó fún un lójú ni Gem, àkójọ àpótí tí Mark Danks bẹ̀rẹ̀, tí IOhannes m zmölnig sì ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́.

Ibi tí a ń lọ nìyí: ẹ ó dúró níwájú kámẹ́rà, ẹ ó mi ọwọ́ nísàlẹ̀, kọ̀ǹpútà á dún dò, ẹ ó mì í láàárín, á dún re, ẹ ó mì í lókè, á dún mí. Kí a tó débẹ̀, a ó ti mọ bí fídíò ṣe ń wọlé, bó ṣe ń yí padà, àti bí a ṣe ń fọ́ ọ kù títí yóò fi ku nọ́ńbà kan ṣoṣo tó wúlò.

Fífi sórí ẹ̀rọ

Lórí Ubuntu tàbí Debian, tí àwọn méjèèjì jẹ́ Linux, ẹ ṣí terminal, fèrèsé tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún ẹ̀rọ, kí ẹ tẹ ìlà yìí:

sudo apt install puredata gem v4l-utils

Lórí Windows tàbí Mac, ẹ lọ dáwúnlóòdù Pd ní puredata.info. Tí ẹ bá ti ṣí i, ẹ wá Find Externals nínú mẹ́nù, lábẹ́ Help tàbí Tools, ẹ̀dà tí ẹ ní ló máa sọ èyí tí yóò jẹ́. Ẹ kọ Gem síbẹ̀, kí ẹ mú èyí tó bá ẹ̀rọ yín mu. Tí ẹ bá ní ànfààní Linux, òun ni kí ẹ lò. A máa nílò láti pàṣẹ fún kámẹ́rà tó bá yá, orí Linux nìyẹn sì ti rọrùn jù lọ.

Ojú ìwé òfìfo

Ẹ tẹ Ctrl+N, ìwé funfun kan á ṣí. Ctrl+1 ń gbé àpótí iṣẹ́ kalẹ̀, inú rẹ̀ lẹ ó ti kọ orúkọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe. Ctrl+2 ń gbé àpótí ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Tí ẹ bá fi máòsì tẹ̀ ẹ́, ó ń fi ohun tí ẹ kọ sínú rẹ̀ ránṣẹ́. Ctrl+3 ni ti àpótí nọ́ńbà. Ctrl+E ló ń gbé yín láti orí títò bọ́ sórí lílò, òun náà ló sì ń dá yín padà. Bí ẹ bá ń tẹ àpótí ọ̀rọ̀ tí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá orí títò lẹ ṣì wà.

Àpótí kọ̀ọ̀kan ní ihò lókè, níbi tí nǹkan ń gbà wọlé, ó sì ní ihò nísàlẹ̀, níbi tó ń gbà jáde. Ihò òkè tó wà lápá òsì pátápátá ló ń mú àpótí ṣiṣẹ́. Àwọn ihò yòókù kàn ń gba nǹkan pamọ́ ni, títí dìgbà tí ohun mìíràn bá gba apá òsì wọlé. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á máa rò pé patch òun ti bàjẹ́.

Àpótí àkọ́kọ́ tí ẹ ó gbé kalẹ̀ ni èyí:

declare -lib Gem

Ẹ fi pamọ́ pẹ̀lú Ctrl+S, ẹ pa á dé, kí ẹ tún ṣí i. Bí Gem bá ti wọlé dáadáa, orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ á hàn nínú fèrèsé tí Pd ti ń kọ ìròyìn. Àpótí tí ìlà etí rẹ̀ bá já wẹ́wẹ́ ni èyí tí Pd kò dá mọ̀. Ẹ wo bí ẹ ṣe kọ orúkọ rẹ̀, torí lẹ́tà ńlá àti kékeré kì í ṣe ọ̀kan náà fún un.

Ohun kan tún wà tó ju gbogbo ìwé ìtọ́sọ́nà lọ, títí kan èyí tí ẹ ń kà yìí: ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ àpótí èyíkéyìí, kí ẹ mú Help. Patch kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ á ṣí, á fi bí wọ́n ṣe ń lo àpótí náà hàn yín. Ẹ lè kó nǹkan níbẹ̀ wá sínú tiyín.

Ṣíṣí fèrèsé àwòrán

Ẹ gbé gemwin kalẹ̀. Lókè rẹ̀, ẹ fi àpótí ọ̀rọ̀ méjì, kí ẹ so àwọn méjèèjì mọ́ ihò òkè rẹ̀:

dimen 640 480, frame 25, create, 1

0, destroy

Kọ́mà tó wà láàárín ń mú kí Pd fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì tẹ̀ lé ara wọn. dimen gbọ́dọ̀ ṣáájú create, nítorí fèrèsé tó bá ti ṣí kì í fetí sí i mọ́. frame 25 ń sọ pé kí Gem ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, 20 ni yóò lò. Nọ́ńbà 1 tó gbẹ̀yìn ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ àpótí àkọ́kọ́, fèrèsé dúdú kan á yọ. Ó yẹ kó dúdú bẹ́ẹ̀, a ò tíì gbé nǹkan kan sínú rẹ̀.

Kámẹ́rà wọlé

Ẹ to àwọn àpótí yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ so ihò ìsàlẹ̀ apá òsì kọ̀ọ̀kan mọ́ ihò òkè apá òsì èyí tó tẹ̀ lé e:

gemhead
pix_video
pix_texture
rectangle 5.33 4

Ojú yín á yọ lójú fèrèsé. gemhead ni orísun: nígbà gbogbo tí gemwin bá fẹ́ ya àwòrán, òun ló ń rán àṣẹ sọ̀kalẹ̀. pix_video ń gba àwòrán lọ́wọ́ kámẹ́rà. pix_texture ń lẹ àwòrán yẹn mọ́ ara ohun tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, rectangle ni ohun náà. Bí ẹ bá fi sphere 3 rọ́pò rectangle, ara bọ́ọ̀lù ni ojú yín á lẹ̀ mọ́. Ó máa ń pa àwọn ọmọdé lẹ́rìn-ín.

Àwọn nọ́ńbà 5.33 àti 4 yẹn ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Gem kì í ka pixel, ìyẹn àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán, nígbà tó bá ń ya nǹkan sójú fèrèsé. Láti àárín fèrèsé dé òkè, 4 ni. Láti àárín dé ìsàlẹ̀, 4 náà ni. Ẹ̀gbẹ́ wá ń tẹ̀ lé bí fèrèsé ṣe fẹ̀ sí: ẹ pín 640 sí 480, kí ẹ fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀, 5.33 ni yóò fún yín. Fún fèrèsé 1280 sí 720, 7.11 ni.

Bí fèrèsé bá ṣì dúdú, ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ mìíràn ti gba kámẹ́rà mú. Zoom tàbí ojú ìwé kan nínú bíráwúsà lè ti dì í mú láìjẹ́ pé ẹ rántí. Tí kámẹ́rà bá ju ọ̀kan lọ, ẹ fi àpótí ọ̀rọ̀ device 1 so mọ́ pix_video. Ẹ ó sì rí i pé ọwọ́ ọ̀tún yín ń jáde lápá òsì. Ẹ ki pix_flip bọ àárín pix_video àti pix_texture, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ náà horizontal ránṣẹ́ sí i, àwòrán á sì dà bíi ti inú dígí.

Bí ẹ bá fẹ́ fáìlì dípò kámẹ́rà

pix_film ló ń gba ipò pix_video. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí i ni open ijo.mov, lẹ́yìn náà auto 1, kó lè máa lọ fúnra rẹ̀. Tí fídíò bá parí, ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó kẹ́yìn lápá ọ̀tún á ta ìpè kan. Ẹ so ó mọ́ àpótí ọ̀rọ̀ tó ní 0 nínú, kí ẹ so ìyẹn mọ́ ihò òkè apá ọ̀tún pix_film, fídíò á máa padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Fídíò tí fóònù gbà kì í sábà rọrùn fún iṣẹ́ yìí. Bí fóònù ṣe ń fún un pọ̀, àwòrán kan ń gbé ara lé èyí tó ṣáájú rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ fò láti ibì kan sí ibòmíràn, kọ̀ǹpútà ní láti padà sẹ́yìn kó tó lè tú u. MJPEG, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀, àwòrán kọ̀ọ̀kan dá dúró. Fáìlì á tóbi sí i, ṣùgbọ́n ara á tu ẹ̀rọ. ffmpeg, sọ́fítíwíà tó ń yí irú fídíò padà, ni kí ẹ fi ṣe é nínú terminal:

ffmpeg -i ijo.mp4 -vf scale=640:-2 -c:v mjpeg -q:v 3 -an ijo.mov

Yíyí àwòrán padà

Ọ̀pọ̀ jù lọ àpótí tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pix_ ló ń fọwọ́ kan pixel ní tààràtà, àárín ibi tí àwòrán ti wọlé àti pix_texture ni wọ́n máa ń wà. Lẹ́yìn pix_texture, ó ti bọ́: àwòrán ti lọ sọ́dọ̀ káàdì àwòrán. Bí ẹ bá fi pix_invert sísàlẹ̀ pix_texture, kò ní sí àṣìṣe tí Pd yóò pè, àwòrán náà kò sì ní yí padà. Ẹ máa kọ́kọ́ wo ibẹ̀ yẹn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pix_gain. Ihò òkè rẹ̀ kejì ń gba nọ́ńbà mẹ́ta: ti pupa, ti àwọ̀ ewé, ti búlúù. Ẹ rán 1.3 1 0.7 sí i, ilé yín á gba àwọ̀ ìrọ̀lẹ́. pix_contrast wà fún bí dúdú àti funfun ṣe jìnnà síra. pix_aging ń da ìlà àti eruku sí ojú fídíò bíi ti sinimá àtijọ́. Ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan kí ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì pa á rẹ́, torí ó ti sú àwọn tó ń wo irú iṣẹ́ yìí.

Ohun tó yẹ kí ẹ dúró lé lórí gan-an ni ètò: èwo ló ṣáájú èwo. Ẹ mú pix_threshold àti pix_invert. pix_threshold ń sọ ohun tó bá kéré sí ìwọ̀n tí ẹ dá di òdo, kò sì fọwọ́ kan èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò òkè rẹ̀ tó kẹ́yìn lápá ọ̀tún ń gba ìwọ̀n yẹn, láti 0 dé 1. pix_invert ń yọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kúrò nínú 255. Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n jẹ́ 0.5, ìyẹn bí 127 nínú 255, kí a tẹ̀ lé pixel méjì, ọ̀kan jẹ́ 60, èkejì jẹ́ 150.

Bí threshold bá ṣáájú, 60 di 0, invert sì sọ ọ́ di 255, funfun báláú. 150 kò yí, invert sọ ọ́ di 105. Ẹ wá pàrọ̀ àwọn méjèèjì. Invert sọ 60 di 195, threshold fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. 150 di 105, threshold sọ ọ́ di 0. Àpótí méjì náà ni, kámẹ́rà kan náà, ìwọ̀n kan náà, àwòrán méjì tí kò jọra rárá. Ẹni tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí èyí kò tún ní máa to àpótí bó bá ṣe ṣe é. Yóò máa bi ara rẹ̀ pé, nọ́ńbà wo ló ń jáde níhìn-ín kó tó wọ ibẹ̀ yẹn?

Àwòrán méjì ni ẹ fẹ́ pò mọ́ra? pix_mix wà. Èyí tó ń wọ ihò àárín gbọ́dọ̀ dé kí èyí tó ń wọ apá òsì tó dé, nítorí náà ẹ fi àpótí t a a sísàlẹ̀ gemhead: apá ọ̀tún rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ẹ so apá ọ̀tún yẹn mọ́ pix_film, apá òsì mọ́ pix_video. Àwòrán méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Bí wọn kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi pix_resize 640 480 sísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Dídín ẹrù kù

Àwòrán 640 sí 480 ní pixel 307,200. Nọ́ńbà mẹ́rin ni pixel kọ̀ọ̀kan gbé dání, ti àwọ̀ mẹ́ta àti ti bó ṣe hàn kedere sí. Tí ẹ bá fi 25 sọ ọ́ di púpọ̀, ó ju nọ́ńbà mílíọ̀nù 30 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, gbogbo àpótí pix_ tí ẹ bá fi kún un ló sì tún ní láti ka gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tó ń mú kí fáànù láptọ́ọ̀pù máa ké nìyẹn.

Fún ohun tí a fẹ́ ṣe yìí, kò sí ìdí tí a ó fi gbé gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí pix_video:

dimen 320 240

Ẹrù ti di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọwọ́ kámẹ́rà ni kí ẹ ti dín in kù, ẹ má dúró dìgbà pix_resize, nítorí pix_resize fúnra rẹ̀ ń jẹ agbára. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pix_grey sísàlẹ̀ pix_video. Nọ́ńbà kan ló wá kù fún pixel kọ̀ọ̀kan dípò mẹ́rin. A ti kúrò ní mílíọ̀nù 30, a ti wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 2, ojú sì ṣì rí ohun tó yẹ kó rí.

Wíwá ohun tó ń mì

Ẹ to patch yín báyìí:

gemhead
pix_video
pix_flip
pix_grey
pix_movement
pix_blob
pix_texture
rectangle 5.33 4

pix_movement ń fi àwòrán ìsinsìnyí wé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ibi tí ìyàtọ̀ bá ti ju ìwọ̀n tí ẹ dá lọ, ó sọ ibẹ̀ di funfun. Gbogbo ibi yòókù á dúdú. Ẹ so àpótí nọ́ńbà mọ́ ihò òkè apá ọ̀tún rẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 0.1. Ẹ dúró jẹ́ẹ́, ojú fèrèsé á dúdú. Ẹ mi ọwọ́, ìlà etí ọwọ́ náà á tàn.

pix_blob ń wá àárín gbogbo funfun yẹn. Ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ń gbé àwòrán kọjá lọ. Kejì ń sọ ibi tí àárín náà wà láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, ẹ̀kẹta láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹ̀kẹrin bó ṣe pọ̀ tó. Ẹ so àpótí nọ́ńbà mọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ máa wò wọ́n bí ẹ ṣe ń mi ara.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Bí ẹ bá dúró jẹ́ẹ́ tí funfun ṣì ń tàn káàkiri bí ìrì, kì í ṣe patch ló ṣẹ̀. Gílóòbù tó ń gba iná mọ̀nàmọ́ná ń ṣẹ́jú ní ìlọ́po méjì iye iná náà. Ní Nàìjíríà, Benin, Togo àti Ìlú Ọba, 50 Hz ni iná, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, gílóòbù ń ṣẹ́jú nígbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní Amẹ́ríkà, Brazil àti Cuba, 60 Hz ni. Ojú èèyàn kì í rí i. Kámẹ́rà ń rí i. Kámẹ́rà tí wọ́n ṣètò fún 60 Hz, tí ẹ wá ń lò ní Ìbàdàn, á máa mú ìlà dúdú tó ń rìn gba ojú àwòrán kọjá, pix_movement á sì máa ka ìlà yẹn sí ìrìn. Lórí Linux, ẹ tẹ èyí:

v4l2-ctl -d /dev/video0 --set-ctrl=power_line_frequency=1

Nọ́ńbà 1 ni ti 50 Hz, 2 ni ti 60. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò gbọ́ èyí o, nítorí bó ṣe ń sáré kì í dúró sójú kan. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, ẹ bá ojúmọmọ ṣiṣẹ́, tàbí kí ẹ tan àtùpà tó ń lo bátìrì; ìyẹn kì í sábà ṣẹ́jú.

Èkejì ni pé kámẹ́rà ń tún ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ ṣe. Ẹ gbé ọwọ́ sún mọ́ ọn, ó rò pé ilẹ̀ ṣú, ó mú kí gbogbo àwòrán mọ́lẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo pixel sì di ohun tó mì. Ẹ pa ìyẹn:

v4l2-ctl -d /dev/video0 --set-ctrl=auto_exposure=1

Lórí Linux àtijọ́, exposure_auto ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ v4l2-ctl --list-ctrls, ẹ ó rí gbogbo ohun tí kámẹ́rà yín gbà kí ẹ fọwọ́ kàn.

Ẹ̀kẹta, ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ nìkan ni pix_movement ń wò. Apá dúdú tó ń kọjá níwájú aṣọ fèrèsé dúdú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lójú rẹ̀. Ògiri tó mọ́ ni kí ẹ fi sẹ́yìn, kí ìmọ́lẹ̀ sì ti iwájú wá. Ẹ má jókòó kí fèrèsé ilé wà lẹ́yìn yín, òjìji nìkan ni kámẹ́rà á rí.

Bí iná bá ti tò, ẹ gbé ìwọ̀n pix_movement sókè díẹ̀díẹ̀ títí ojú fèrèsé á fi dúdú pátápátá nígbà tí ẹ kò mira. Ẹ má ṣe é ní ìdákúrekú. Àwọn ẹ̀ka funfun kéékèèké tó bá fọ́n ká kò dí àwòrán lójú, ṣùgbọ́n pix_blob ń kà wọ́n pọ̀ mọ́ ọwọ́ yín, àárín àwọn tó fọ́n ká sì máa ń jẹ́ àárín fèrèsé. Ọwọ́ tó yẹ kó wà ní 0.9 á máa jáde bíi 0.7, ẹ ó sì rò pé ẹ ò nàgà tó.

Láti ọwọ́ sí ohùn

Ẹ mi ọwọ́ nísàlẹ̀ títí, kí ẹ wo nọ́ńbà tó ń ti ihò kẹta pix_blob jáde, lẹ́yìn náà kí ẹ mì í lókè títí. Ká ní ó ń lọ láti 0.25 sí 0.75. Ìpín mẹ́ta la fẹ́, nítorí náà:

spigot
expr ($f1 - 0.25) * 6
int
clip 0 2
change
sel 0 1 2

Ihò kẹta pix_blob ló ń wọ apá òsì spigot. expr ń na 0.25 sí 0.75 di 0 sí 3, int ń gé ohun tó bá wà lẹ́yìn àmì (.) nínú nọ́ńbà kúrò, clip kì í jẹ́ kó kọjá 2, change sì ń dá nọ́ńbà tí kò yí padà dúró. Bí òkè àti ìsàlẹ̀ bá dorí kodò lórí ẹ̀rọ yín, ẹ fi expr 1 - $f1 ṣáájú.

spigot ni ẹnu ọ̀nà: tí 1 bá wọ apá ọ̀tún rẹ̀, ó ṣí; tí 0 bá wọ ibẹ̀, ó tì. Ẹ wo nọ́ńbà ihò kẹrin pix_blob nígbà tí ẹ dúró jẹ́ẹ́ àti nígbà tí ẹ ń mira, kí ẹ mú nọ́ńbà kan láàárín méjèèjì. Àpótí > pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn ni ẹ ó fi sí àárín ihò kẹrin àti apá ọ̀tún spigot. Láti ìdí àpótí > yìí kan náà, ẹ tún so wáyà kan mọ́ sel 0, kí ẹ so sel 0 mọ́ àpótí ọ̀rọ̀ set -1, kí ìyẹn wọ change. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé tí ọwọ́ yín bá dúró, change á gbàgbé ohun tó rí kẹ́yìn. Tí ẹ bá tún mì í níbi kan náà, ó tún máa dún. Láìsí ìyẹn, ẹ ò lè lu ohùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra.

Ihò ìsàlẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ sel 0 1 2 á wọ àpótí ọ̀rọ̀ mẹ́ta: 60, 62 àti 64, ìyẹn dò, re, mí ní nọ́ńbà MIDI, ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ orin fi ń fi nọ́ńbà pe ohùn. Ẹ so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ t b f. Apá ọ̀tún rẹ̀ á wọ mtof, tó ń sọ nọ́ńbà MIDI di iye Hz, mtof á wọ osc~, tó ń mú ohùn náà jáde, osc~ á wọ apá òsì *~. Apá òsì t b f á wọ àpótí ọ̀rọ̀ yìí:

0.3 5, 0 400 5

Ìyẹn á wọ vline~, vline~ á wọ apá ọ̀tún *~. Ó ń gbé ohùn sókè láàárín ìdá 5 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, ó sì ń jẹ́ kó rọlẹ̀ láàárín 400. Ẹ so *~ mọ́ ihò méjèèjì dac~, tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà, ẹ tan DSP, ìyẹn iṣẹ́ ohùn Pd, nínú mẹ́nù Media, ẹ mi ọwọ́.

60, 62 àti 64 sún mọ́ra ju bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, sí etí tèmi. Ẹ fi 57, 60 àti 64 dánwò, kí ẹ wá gbìyànjú láti fi ọwọ́ pe orúkọ ara yín. Adé rọrùn: re, mí. Kúnlé ló máa fi hàn yín bóyá ẹ so set -1 yẹn dáadáa.

Bí ohùn bá ń ta pàrà, ọ̀nà kan náà ni Gem àti ohùn jọ ń gbà nínú Pd; tí àwòrán bá pẹ́, ohùn á já. Ẹ ṣí Pd méjì. Ẹ jẹ́ kí àwòrán wà nínú ọ̀kan títí dé change, kí ó fi nọ́ńbà ránṣẹ́ nípasẹ̀ netsend pẹ̀lú àpótí ọ̀rọ̀ connect localhost 3000 àti send $1. Nínú èkejì, netreceive 3000 á gbà á. Ẹ jẹ́ kí spigot àti change wà pẹ̀lú àwòrán, nítorí ibẹ̀ ni àpótí > ti ń bá wọn sọ̀rọ̀. Àpótí ọ̀rọ̀ send $1 ni kí change wọ̀.

Níwájú àwọn èèyàn

Bí ẹ bá ní projector, tí ojú láptọ́ọ̀pù yín sì jẹ́ 1366 ní fífẹ̀, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń wọ gemwin sí:

dimen 1280 720, offset 1366 0, border 0, cursor 0, frame 25, create, 1

Fèrèsé á bọ́ sórí projector láìní etí, máòsì kò sì ní hàn lórí rẹ̀. Ẹ fi rectangle sílẹ̀ ní 5.33 4; ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á dúdú, ṣùgbọ́n ojú èèyàn kò ní fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ so loadbang mọ́ àpótí ọ̀rọ̀ náà, kí ohun gbogbo bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ṣí fáìlì. Fún gbígba ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, OBS Studio ni kí ẹ lò dípò kí ẹ fi ẹrù mìíràn kún ti Gem.

Fáìlì .pd jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, kò wúwo, ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lórí WhatsApp láìjẹ dátà púpọ̀. Ẹ ṣáà sọ fún ẹni tó bá gbà á pé kó tún 0.25 àti 6 inú expr yẹn wọ̀n fún yàrá tirẹ̀.